Ẹwìrì Abẹ́ Ẹsẹ̀: Ìtàn Bàtà Tó Ń Mí àti Àwọn Ìhùmọ̀ Ìtura Ara

Àwọn ìhùmọ̀ kan wà tí òpìtàn kì í sábà kọbi ara sí, nítorí pé wọ́n kéré, wọ́n sì jọ ohun ẹ̀rín. Irú wọn ni bàtà tí í fẹ́ atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́, akẹtẹ̀ tí ó ní ihò lókè, ẹ̀wù tí fáànù wà lára rẹ̀, àti ohun èlò kékeré tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn ọrùn kí ara lè tutù. Ẹni tí ó bá ń ka àwọn ìwé-ẹ̀tọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì fi ń dáàbò bo irú ìhùmọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ènìyàn ti ń padà sí ìdí iṣẹ́ kan náà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń sọ pé òun ni yóò parí rẹ̀. Ìdí tí iṣẹ́ náà kò fi parí ni àròkọ yìí ń wá. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ooru gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìhùmọ̀ wọ̀nyí ń bá jà; ohun tí ìhùmọ̀ tó ṣáájú wọn ti fi dé ara pa ni wọ́n ń gbìyànjú láti ṣí. Èkejì ni pé inú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti wọn ara tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ohun méjèèjì yìí kan àwọn Yorùbá ju bí ó ti hàn lójú lásán lọ.

Rọ́bà àti òógùn

Bàtà awọ àtijọ́ kò dí pátápátá, láti ìdí dé òkè. Òógùn ẹsẹ̀ a máa wọ inú awọ lọ, a sì máa gbẹ síta díẹ̀díẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi ìta náà a máa gba ọ̀nà kan náà wọlé. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni rọ́bà. Ní 1823 ni Charles Macintosh, ará Scotland, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí aṣọ onílọ̀ọ́po méjì tí wọ́n fi rọ́bà yíyọ́ sí àárín rẹ̀. Aṣọ náà kò gba òjò, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí òógùn jáde pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ rin ìrìn wákàtí kan, tí ó sì bọ́ ọ, yóò bá ara rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Àwọn tó ń rán an wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sí abẹ́ abíyá rẹ̀. Ihò abíyá yìí yẹ fún àkíyèsí, nítorí òun ni àwòkọ́ṣe gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e: wọ́n dé ara, wọ́n rí i pé ara kò lè mí, wọ́n sì wá ihò lù sára ìdérí.

Ní 1844 ni Charles Goodyear gba ìwé-ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi imí ọjọ́ àti iná se rọ́bà kí ó má bàa yọ́ nínú oòrùn tàbí kí ó le gbagidi nínú òtútù. Láti ìgbà náà ni rọ́bà ti di ohun tí wọ́n lè fi ṣe ìdí bàtà. Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn. Thomas Burberry, aránṣọ ní Basingstoke, hun aṣọ kan ní 1879 tí okùn rẹ̀ há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí òjò kò fi ráyè wọlé kíákíá, síbẹ̀ tí kò ní rọ́bà nínú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè hun ìdí bàtà.

Igbó ilẹ̀ Yorùbá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó lọ sí òkè òkun ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ lórí ìwọ̀n, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ oje igi tí wọ́n kó láti inú igbó Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó. Kò pẹ́ tí òwò náà fi rọlẹ̀, nítorí wọ́n ha àwọn igi náà lára títí wọ́n fi kú. Táyà kẹ̀kẹ́, aṣọ òjò àti bàtà wà lára ohun tí ọjà òkè òkun ń fi rọ́bà ṣe nígbà náà. Àwọn tó ń ha igi, láìwọ bàtà, ni wọ́n ń kó ohun tí yóò dé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn pa ránṣẹ́. (Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kan bàtà: ilé iṣẹ́ Baťa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Zlín ní 1894, kọ́ ni ó fún Yorùbá ní ọ̀rọ̀ náà. Ó ti wà nínú èdè ṣáájú, ìjọra lásán sì ni ìyókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọra náà ran ọjà ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ púpọ̀ ní Nàìjíríà.)

Ẹwìrì nínú gìgísẹ̀

Nígbà tí ìdí bàtà di rọ́bà, àwọn olùhùmọ̀ wo ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí í ṣe ìrìn. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ara a bọ́ sórí gìgísẹ̀, a sì kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi àpò rọ́bà kékeré sí abẹ́ gìgísẹ̀, àpò náà yóò fún pọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ ilẹ̀, yóò sì wú nígbà tí ẹsẹ̀ bá gbéra. Bí wọ́n bá tún fi ìdérí kéékèèké sí i, èyí tí í ṣí sí apá kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ yóò máa gba ọ̀nà kan wọlé, yóò sì máa gba ọ̀nà mìíràn jáde. Alágbẹ̀dẹ Yorùbá kò ní pẹ́ dá nǹkan náà mọ̀: ẹwìrì ni. Ní àgbẹ̀dẹ, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni í fẹ́ ẹwìrì. Nínú bàtà yìí, ẹsẹ̀ ni olówó, ẹsẹ̀ náà sì ni ọmọ iṣẹ́.

Lórí ìwé, èrò náà kò ní àbùkù. Inú bàtà ni wàhálà wà. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta gbangba. Níbo ni ẹwìrì gìgísẹ̀ yóò ti fa tirẹ̀? Bí ihò rẹ̀ bá wà nídìí bàtà, ẹrẹ̀ àti omi ni yóò fà. Bí ó bá wà nínú bàtà, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti kún fún òógùn ni yóò máa fà, tí yóò sì máa fẹ́ padà sí ẹsẹ̀ kan náà. Àwọn kan gbé ihò náà sókè sí ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá tín-ín-rín tí ó gba inú bàtà kọjá. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n eruku kékeré kan tó láti mú kí ìdérí má lè dé mọ́. Àpò náà fúnra rẹ̀ kéré. Afẹ́fẹ́ tí ó ń tì ní ìgbésẹ̀ kan kò tó nǹkan, ìbọ̀sẹ̀ àti ìwọ̀n ara sì ti dí ọ̀nà mọ́ ọn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wá a jù. Bẹ́ẹ̀ sì ni àtẹ́lẹsẹ̀ wà lára ibi tí orísun òógùn ti pọ̀ jù lọ ní ara ènìyàn. Òógùn ibẹ̀ kì í tilẹ̀ í dúró de ooru. Ìbẹ̀rù àti àníyàn nìkan tó láti mú un jáde. Ìdí nìyí tí ẹwìrì gìgísẹ̀ fi wà nínú ìwé-ẹ̀tọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ní ẹsẹ̀ ènìyàn.

Akẹtẹ̀ ọ̀gá, ẹsẹ̀ ọmọ ogun

Ní àkókò tí àwọn olùhùmọ̀ ń gbé ẹwìrì sínú gìgísẹ̀, àwọn òyìnbó amúnisìn ń ra ìtura tiwọn kí wọ́n tó wọkọ̀ wá sí Áfíríkà. Ìmọ̀ ìṣègùn ìgbà náà gbà pé oòrùn ilẹ̀ olóoru lè gba orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn wọ inú òyìnbó, kí ó sì pa á tàbí kí ó sọ ọ́ di wèrè. Nítorí náà ni akẹtẹ̀ funfun ńlá fi di dandan, èyí tí wọ́n fi inú igi fúfúyẹ́ kan láti Íńdíà ṣe. Àlàfo wà láàárín akẹtẹ̀ náà àti okùn tí ó yí orí ká, ihò sì wà lókè rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ wọlé kí ó sì gba òkè jáde. Kí òtítọ́ hàn, ìhùmọ̀ tó dára ni. Ohun tí ó bá a rìn ni kò dára: aṣọ nínípọn tí wọ́n ń fi bo ọ̀pá ẹ̀yìn, àti ọ̀já onírun tí wọ́n ń dì mọ́ ikùn nínú ooru gbígbóná nítorí kí onígbáméjì má bàa mú wọn.

Charles Woodruff, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 1905 tí ó sọ pé ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ olóoru ni í ba ara òyìnbó jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà fún àwọn kan nínú àwọn ṣọ́jà wọn ní Philippines ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ aláwọ̀ ọsàn pípọ́n, kí àwọ̀ náà lè dá ìtànṣán dúró. James Phalen tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1910: àwọn tó wọ̀ ọ́ kò sàn ju àwọn tí kò wọ̀ ọ́ lọ, aṣọ náà sì tún dá kún ooru ara wọn.

Lábẹ́ oòrùn kan náà ni ọmọ ogun Nàìjíríà nínú Royal West African Frontier Force dúró sí. Fìlà pupa gbọọrọ tí kò ní ihò ni wọ́n fi dé e lórí, ẹsẹ̀ lásán ni ó sì fi ń tò níwájú ọ̀gá tó dé akẹtẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó sọ pé oòrùn ń pa òyìnbó ni ó sọ pé kò lè ṣe aláwọ̀ dúdú ní nǹkan kan. Ìtura kò tíì di ọ̀rọ̀ ohun tí ara ń fẹ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbà pé ó ní ara tí í rẹ̀ ni.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí bọ́ sínú ìyìn ẹsẹ̀ lásán. Jìgá, tí orúkọ rẹ̀ ti wọ èdè Yorùbá bí ẹni pé ilé ni wọ́n bí i sí, àjèjì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù nípa rẹ̀ ni pé ọkọ̀ òkun kan ni ó gbé e láti Brazil wá sí Ambriz ní Angola ní 1872, tí ó sì ti ibẹ̀ tàn ká Áfíríkà, láti abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ kan dé òmíràn. Ní 1898 ni Arthur Looss, ará Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ ní Cairo, tẹ ìròyìn kan jáde: omi tí ọmọ aràn wà nínú rẹ̀ kán sí i lọ́wọ́, ó sì rí i pé aràn tí í kọ́ ìfun, tí í mu ẹ̀jẹ̀, lè gba awọ ara wọlé. Láti ìgbà náà ni bàtà ti di oògùn. Ẹsẹ̀ ṣíṣí ń mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń gbà wọlé.

Bọ́mà, 1944

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó wọ bàtà fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n bá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà rìn nínú òkè, ẹrẹ̀ àti odò, ẹrù lórí, tí ọkọ̀ òfúrufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹsẹ̀ tí kò mọ bàtà láti kékeré a gbòòrò, ìka rẹ̀ a sì ya. Bàtà tí wọ́n fi ìdiwọ̀n ẹsẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kò lè bá a mu láìní ìrora.

Ní orílẹ̀-èdè kan náà, ní ọdún kan náà, apá àríwá ni àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà kan wà tí wọ́n fún ní irú bàtà mìíràn. Bàtà igbó náà jáde ní 1942, lẹ́yìn àyẹ̀wò ní Panama: aṣọ kánfáàsì lókè, rọ́bà nídìí. Ohun tí ó kan ìtàn yìí nínú rẹ̀ ni ìtẹ́nú rẹ̀. Okùn ike tí wọ́n ń pè ní Saran ni wọ́n hun bí àwọ̀n, wọ́n tò ó lé ara wọn ní ìpele-ìpele, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò sí àpò, kò sí ìdérí. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ àti omi inú àwọ̀n náà a sá lọ. Bí ẹsẹ̀ bá gbéra, òmíràn a wọlé. Ẹwìrì gìgísẹ̀ ni, tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun tí ó lè bàjẹ́ kúrò lára rẹ̀. Nígbà ogun Vietnam ni wọ́n wá lu ihò méjì tí àwọ̀n dí lójú sí ẹ̀gbẹ́ bàtà, nítòsí ìsàlẹ̀, kí omi odò lè ṣàn jáde. Ọgbọ́n ńlá ni èyí: wọ́n ti jáwọ́ nínú pé omi kò gbọdọ̀ wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe tètè jáde.

Atẹ́gùn abẹ́ aṣọ

Ọgbọ́n bíi ti àwọ̀n Saran wà lára àwọn aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò gba ìwé-ẹ̀tọ́ fún. Ní 1980, Shkolnik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Nature nípa ẹ̀wù dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn Bedouin ń wọ̀ ní aṣálẹ̀. Wọ́n rí i pé ooru tí awọ ara gbà lábẹ́ ẹ̀wù dúdú kò ju ti abẹ́ ẹ̀wù funfun lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń rìn lábẹ́ ẹ̀wù náà ó sì ń gbé ooru tí ó pọ̀ jù lọ kí ó tó dé ara. Bí wọ́n ṣe rán agbádá kò jìnnà sí èyí: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ fẹ̀, ìkápá sórí èjìká kọ̀ọ̀kan sì ń ti atẹ́gùn wọlé bí ẹwìrì. Ti pé agbádá aṣọ òkè lórí bùbá àti ṣòkòtò nínú gbọ̀ngàn ìnáwó máa ń mú ara tutù jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó wọ sányán lọ síbi ìgbéyàwó mọ̀ pé iyì ni òun wọ̀.

Àwọn tí wọ́n sọ atẹ́gùn abẹ́ aṣọ di ọjà ni àwọn ará Japan. Hiroshi Ichigaya, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Sony, gbé ẹ̀wù tí fáànù kéékèèké méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ jáde ní 2004. Ẹ̀rọ amúlétutù ń mú yàrá tutù. Ẹ̀wù yìí kò mú ohunkóhun tutù. Afẹ́fẹ́ ìta bó ṣe wà ni ó ń fẹ́ gba abẹ́ aṣọ kọjá kí òógùn lè gbẹ. Gíráàmù kan omi tí ó bá gbẹ lára ń kó nǹkan bí 2,400 joule ooru lọ, iṣẹ́ náà sì ni abẹ̀bẹ̀ awọ àti abẹ̀bẹ̀ raffia ti ń ṣe látìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tí Sony fúnra rẹ̀ wá ń tà láti 2020 yàtọ̀: irin kékeré tí iná bátìrì ń mú tutù, tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn ọrùn. Nínú méjèèjì, ti Ichigaya ni ó mọ ara ènìyàn jù. Ó gbà pé ara ní ọgbọ́n tirẹ̀, ó sì bá a gbé afẹ́fẹ́ wá.

Ihò tí ojú kò rí

Bàtà tó gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn yìí kò ní ẹwìrì rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Mario Moretti Polegato, oníṣòwò ọtí wáìnì láti Ítálì, wà ní Reno ní Nevada. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná nínú bàtà onírọ́bà, ó sì fi ọ̀bẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀. Ihò ń jẹ́ kí ooru jáde, ṣùgbọ́n omi yóò wọlé. Ó padà sí Ítálì, ó sì fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ihò náà, awọ tí ihò tirẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìkán omi kò fi lè gbà á kọjá, síbẹ̀ tí èéfín omi lè gbà á. Àwọn ilé iṣẹ́ bàtà ńlá tí ó fi lọ̀ kọ̀ ọ́. Ní 1995 ni ó dá Geox sílẹ̀ ní agbègbè Montebelluna, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe bàtà orí yìnyín láti ọjọ́ pípẹ́. Irú awọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun nígbà náà. Ní 1969 ni Bob Gore ti rí i ní Amẹ́ríkà pé bí wọ́n bá já ike PTFE gbígbóná fà lójijì, ihò kéékèèké tí kò lóǹkà a máa là sí i lára. Ohun tí Polegato fi kún un ni pé ó gbé e lọ sí ìdí bàtà, níbi tí rọ́bà ti jọba láti ayé Goodyear.

Ṣùgbọ́n awọ yìí kì í ti èéfín omi jáde. Ọ̀nà lásán ni ó ń ṣí sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín inú àti ìta ni ó ń lé èéfín náà lọ. Nínú bàtà tí ó gbóná dé 34°C tí ó sì kún fún òógùn, agbára tí èéfín omi fi ń tì tó nǹkan bí 53 hectopascal. Ní ìlú òtútù tí afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ 5°C, ti ìta kò ju nǹkan bí 7 lọ. Ní Èkó, ti ìta a máa tó nǹkan bí 30 ní àkókò òjò. Ohun tí ó ń lé òógùn jáde ní Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ohun tí ó ń lé e jáde ní Treviso nígbà òtútù lọ. Kò sí irọ́ nínú ìpolówó tí ó ní bàtà náà ń mí. Ohun tí kò sọ ni iye afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ń béèrè fún kí ó tó lè mí dáadáa.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti ń kan owó oṣù àti ìlera ni bàtà iṣẹ́. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kò lè wọ sálúbàtà. Irin gbọ́dọ̀ wà níwájú bàtà rẹ̀, òkè rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dí. Òṣùwọ̀n àgbáyé fún bàtà ààbò, ISO 20345, ṣe ìlànà pé awọ òkè bàtà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èéfín omi tí kò dín ní mílígíráàmù 0.8 kọjá lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan ní wákàtí kan. Ìgò tí ohun afaminù gbígbẹ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi awọ náà dé lẹ́nu, tí wọ́n á sì wọn iye omi tí ó gba inú awọ wọlé láti inú afẹ́fẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Afẹ́fẹ́ yàrá náà sábà máa ń jẹ́ 23°C, ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 50%. Awọ tí ó yege nínú yàrá yẹn ni ó ń dé ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, Ọ̀tà àti Àgbárá nínú oṣù Òkúdù, nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yó fún omi.